Ìlà Márùn-ún Tí Mo Fi Pamọ́

Ẹ̀yin ọmọ tó ń bi ara yín léèrè pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ yàn, ẹ fún mi láyè kí n sọ tèmi. Mo lo ọdún mẹ́rìndínlógójì lẹ́nu iṣẹ́ ní èbúté Àpápá, mo fẹ̀yìn tì, mo sì rò pé iṣẹ́ náà ti fi gbogbo ohun tó fẹ́ fi hàn mí hàn mí tán. Ohun tó kù fún mi ni kí n jókòó síwájú ilé ní Ajégúnlẹ̀, kí n máa bá àwọn ọmọ àdúgbò jà pé kí wọ́n yéé gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri mi. Àṣé nǹkan ṣì kù. Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, eré àwọn ọ̀dọ́ kan tú àṣírí mi lórí tábìlì tí mo ti ń jẹun.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò gùn láti sọ. Ìwó ni wọ́n bí mi sí. Àbúrò bàbá mi, tó ń wa tírélà ní Liverpool Road ní Àpápá, ló mú mi wá sí Èkó. Mo mọ̀wé níwọ̀n, ni wọ́n bá fi mí sábẹ́ fóòmánù kan pé kí n máa bá a kọ̀wé. Owó oṣù ńkọ́? Ebi kò pa mí kú, ẹ jẹ́ ká fi mọ bẹ́ẹ̀.

Fóòmánù náà ni Ọ̀gá Rábíù. Ọkùnrin kúkúrú ni, ó tín-ínrín, kì í pariwo. Ìbá tilẹ̀ sàn kó máa pariwo. Tí mo bá ṣe àṣìṣe, yóò wò mí, yóò yọ gíláàsì ojú rẹ̀, yóò nù ún, yóò tún wò mí, ara mi á sì bù máṣọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pín àwọn tó ń já ẹrù ọkọ̀ ojú omi. Láràárọ̀, wọn á tò síwájú géètì, òun ni yóò sì sọ ẹni tí yóò wọ ikùn ọkọ̀ lọ kó àpò sínú àwọ̀n, ẹni tí yóò fi ìkọ́ kọ́ àwọ̀n náà, àti ẹni tí yóò dúró lókè, létí ihò ọkọ̀, tí yóò máa juwọ́ sí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ pé kó gbé e tàbí kó dúró. Ẹni ìkẹyìn yìí là ń pè ní ajuwọ́. Ẹ̀mí gbogbo àwọn tó wà nísàlẹ̀, ọwọ́ ajuwọ́ ló wà.

Àwọn fóòmánù yòókù a máa fi ojú lásán yan èèyàn. Ọ̀gá Rábíù ní ìwé ńlá kan tó fi rọ́bà dì. Orúkọ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, òpó mẹ́fà sì wà níwájú orúkọ náà: Agbára, Ìfaradà, Ọwọ́, Ìṣirò, Ojú Inú àti Ẹnu. Lábẹ́ òpó kọ̀ọ̀kan ló ti ń fa ìlà, láti orí ẹyọ kan dé márùn-ún. Ẹni tí Ẹnu rẹ̀ bá ní ìlà márùn-ún, òun ló máa ń dá orin iṣẹ́, torí tó bá ti lanu, àwọn tó ti rẹ̀ á tún dìde. Ìka kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá máa ń wí, àmọ́ òmùgọ̀ ni ẹni tó mọ̀ pé wọn kò dọ́gba tí kò wá mọ èyí tó gùn.

Oṣù tí mo dé gan-an ni mo ti bi í pé ṣé Agbára àti Ìfaradà kì í ṣe nǹkan kan náà. Ó ní kí n gbé odindi àpò símẹ́ǹtì kan láti ẹnu ọ̀nà ṣẹ́ẹ̀dì dé ìpẹ̀kun. Mo gbé e, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo gbọn ọwọ́ nù bí ọkùnrin. Ó wá ní kí n máa gbé ìlàjì àpò lọ, kí n máa gbé e bọ̀, títí wọn yóò fi pe ìrun ọ̀sán. Kí ládàánì tó pè, mo ti bì sára. Ọ̀gá Rábíù gbé omi fún mi, ó bi mí pé èwo nínú méjèèjì ló dá mi dùbúlẹ̀. N kò tún bi í ní ìbéèrè náà mọ́.

Bó ṣe ń dán gbogbo èèyàn wò nìyẹn. Kò jẹ́ fi ẹ̀rí òpó kan ti òpó mìíràn lẹ́yìn. Tó bá fẹ́ mọ Ọwọ́ ẹnìkan, yóò ní kó ta kókó okùn láìwo ọwọ́ ara rẹ̀. Ti Ojú Inú ló máa ń yà mí lẹ́nu jù. Yóò jẹ́ kí gbogbo wọn wọlé tán, yóò wá bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí ni wọ́n rí ní géètì lónìí tí kò sí níbẹ̀ lánàá.

Ọdún kejì mi ni Sálíù dé. Ìsẹ́yìn ló ti wá, ó ga, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ìlẹ̀kùn. Ọ̀gá ní kí n dán an wò fúnra mi. Mo wo àyà yẹn, mo fa ìlà márùn-ún fún un lábẹ́ Agbára, mo tún fa márùn-ún sábẹ́ Ìfaradà. Nígbà tó sọ fún mi pé òun kò lọ sílé ìwé, mo fa ẹyọ kan sábẹ́ Ìṣirò, mo sì fa ẹyọ kan sábẹ́ Ojú Inú bákan náà. Ọ̀gá gba ìwé náà, ó yọ gíláàsì rẹ̀.

"Àyà rẹ̀ lo kọ síbí," ló wí. "Ọkùnrin náà dà?"

Ó ya ojú ìwé náà. Ó ní kí n lọ tún un ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí n má sì kọ ohunkóhun tí n kò fi ojú mi rí. Mo bínú, àmọ́ mo ṣe é. Agbára Sálíù jẹ́ márùn-ún lóòótọ́. Ìfaradà rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, tó bá di ọ̀sán, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa wúwo. Ìṣirò rẹ̀ kò kúrò lórí ẹyọ kan. Tó bá ń ka àpò, á fi ìka kà á, á sì ṣìnà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í pé kí ló rí ní géètì, ó ní ẹnìkan ti fi wáyà so ṣéènì géètì níbi tó ti já, pé wáyà náà kò ní rí ọjọ́ Jímọ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Ní Ọjọ́bọ̀, ṣéènì náà já, géètì sì fọ́ iná iwájú tírélà kan. Ẹnu yà mí débi pé mo sáré lọ fi ọwọ́ ara mi fa ìlà márùn-ún sábẹ́ Ojú Inú rẹ̀.

Mo sọ fún Ọ̀gá pé ìdààmú pọ̀ jù, pé ṣé Ìṣirò àti Ojú Inú kò lè wà nínú òpó kan, ká pè é ní Ọgbọ́n.

"Ọgbọ́n tó ń ka ohun tó ti wà nílẹ̀ wà, èyí tó ń rí ohun tó ń bọ̀ náà sì wà," ni ìdáhùn rẹ̀. "Igi gogoro má gùn mí lójú, ṣé ìṣirò ni wọ́n fi ń wò ó lókèèrè? Ọjọ́ tí o bá dà wọ́n pọ̀, wàá pa èèyàn."

Mo ní mo ti gbọ́. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ọmọṣẹ́ ṣe máa ń gbọ́.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá fẹ̀yìn tì, wọ́n fi mí jẹ fóòmánù. Kò pẹ́ ni ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ wa tẹ fọ́ọ̀mù tuntun fún gbogbo fóòmánù. Bébà funfun tó dán ni, àpótí méjì péré ló wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan: Agbára, Ọgbọ́n. Inú mi dùn, ẹ má purọ́ fún ara yín pé tiyín kò ní dùn. Ohun tó ń gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹ́lẹ̀, mo parí rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Mo fi rọ́bà di ìwé Ọ̀gá Rábíù, mo tì í sísàlẹ̀ àpótí aṣọ mi.

Mo kọ Agbára márùn-ún fún Sálíù. Nígbà tó kan Ọgbọ́n, mo rántí pé àtàǹpàkò ló fi ń tẹ ìwé, mo kọ méjì. Ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Kólá, ó jáde ìwé mẹ́wàá, ó lè ka àpò inú àwọ̀n kí o tó ṣẹ́jú. Nínú ìwé àtijọ́, Ìṣirò rẹ̀ jẹ́ márùn-ún, Ojú Inú rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Nínú fọ́ọ̀mù, mo kọ Ọgbọ́n márùn-ún. Mo wá mú Sálíù, tó ti ń ṣe ajuwọ́ láti ayé Ọ̀gá Rábíù, mo sọ ọ́ sínú ikùn ọkọ̀. Kólá ni mo fi ṣe ajuwọ́.

Ọ̀sán gangan ni, oòrùn mú. Ìrẹsì là ń já. Mo dúró lórí ọkọ̀, àwọ̀n kan tó kún ti gòkè dé àárín. Mo gbọ́ tí Sálíù kígbe láti ìsàlẹ̀ pé okùn ń tú. Mo wo Kólá. Bébà tó ń ka àpò sí ló ń wò. Sálíù tún kígbe, Kólá kò gbójú sókè. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Festus bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ àwọ̀n náà, ó ń so okùn bàtà rẹ̀. Sálíù fi ibi tí mo fi í sí sílẹ̀, ó sáré, ó ti Festus dànù, àwọ̀n sì já. Àpò ìrẹsì bo apá ọ̀tún Sálíù mọ́lẹ̀ títí dé èjìká. Mo ń sọ "Háà, háà," bí ẹni tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ilé ìwòsàn gé apá náà lọ́jọ́ kejì.

Ọ́fíìsì ní kí n kọ ìwé ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo mọ òtítọ́. Ká ní ìwé àtijọ́ ni mo tẹ̀ lé, Sálíù ni ì bá wà lókè tó ń juwọ́, àwọ̀n náà kò ní kúrò nílẹ̀. Tí mo bá kọ bẹ́ẹ̀, ara mi ni mo fẹ̀sùn kàn. Mo ti níyàwó, mo ti bímọ. Mo gbé bírò, mo kọ ọ́ pé Sálíù fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ láìgba àṣẹ, pé agbára rẹ̀ pọ̀, ọgbọ́n rẹ̀ kò tó, pé fọ́ọ̀mù ọ́fíìsì jẹ́rìí sí i. Festus ń sọ fún gbogbo ayé pé Sálíù ló gba òun là, ṣùgbọ́n ìwé mi ti dé ọ́fíìsì kí ẹnu Festus tó dé. Wọ́n dá Sálíù dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté, tí kò sí ohun tí wọn kì í fi ṣẹ̀fẹ̀, sọ ọ́ ní Alágbára-má-mèrò. Orúkọ náà jáde ní géètì, ó bá a délé.

Èyí tó burú jù nìyí. Èmi náà ń lò ó. Tí ọmọ mi bá fọ́ àwo, màá ní, "Ṣé bíi Sálíù lo fẹ́ ṣe ni?" Tí àwọn ọmọ ọmọ bá dé, màá sọ ìtàn alágbára kan tó sáré sábẹ́ ẹrù nítorí pé kò ronú. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ́ títí èmi fúnra mi fẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni kọntéènà dé, kéréènì ńlá dé, kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ bírò. Ẹrù tí ọgọ́rùn-ún èèyàn ń já, ẹni kan ló ń jókòó sókè tó ń fi ìka já a. Wọn kò nílò ẹni tó ń pín èèyàn mọ́. Wọ́n fún mi ní aago ògiri kan, mo lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti eré yẹn. Ọmọ ọmọ mi, Bísọ́lá, ń gbé lọ́dọ̀ mi. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta a máa jókòó yí tábìlì mi ká lọ́sàn-án Sátidé. Ẹnìkan yóò máa pa ìtàn, àwọn yòókù yóò kọ èèyàn kọ̀ọ̀kan sórí bébà, wọn á máa ṣe bí ẹni náà. Tí ẹni orí bébà bá fẹ́ fo kòtò tàbí tan ọlọ́pàá, wọn á ju dáìsì bíi ti lúdò, wọn á ro ó pọ̀ mọ́ iye tí wọ́n kọ síwájú ìṣe rẹ̀. Bó bá pé iye tí ẹni tó ń pa ìtàn dá, ó yege. Bí kò bá pé, ó kùnà. Mo ti ń pè wọ́n ní ọ̀lẹ láti ọjọ́ pípẹ́.

Lọ́jọ́ náà, Bísọ́lá ń ṣẹ̀dá eré tirẹ̀, tó dá lórí èbúté, wọ́n sì ń jiyàn lórí iye nǹkan tó yẹ kí wọ́n fi wọn èèyàn. Tóní, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó gbó jù lẹ́nu, ní àlàyé ti pọ̀ jù.

"Abeg, make we join dem," ló wí. "Agbára kan, ọgbọ́n kan. Finish. Who get time?"

N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ní kí wọ́n má dà wọ́n pọ̀. Mo wọ yàrá, mo tú àpótí, mo gbé ìwé Ọ̀gá Rábíù jáde. Ẹ ò rí ojú àwọn ọmọ yìí. Ohun tí wọ́n ti ń jà lé lórí láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó, ọkùnrin kan tí kò ju dáìsì rí ti fà á sínú ìwé kí wọ́n tó bí ìyá wọn. Tóní ní, "Baba, so una don dey play am since?" Orí mi wú. Mo di tíṣà. Mo kọ́ wọn bí a ṣe ń ya Agbára sọ́tọ̀ kúrò lára Ìfaradà, mo ní kí Tóní gbé àga kan lẹ́ẹ̀kan, kó wá gbé àga kékeré fún ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n ní àwọn yóò fi àwọn orúkọ inú ìwé náà ṣe èèyàn inú eré. Nínú ìgbéraga mi, mo ní kò burú.

Bísọ́lá ń ṣí ìwé náà, ó ń yan èèyàn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Bàbá, Sálíù ará Ìsẹ́yìn. Ṣé Sálíù tí ẹ fi ń bá wa wí nìyí?"

Mo ní òun ni.

"Ojú Inú rẹ̀ jẹ́ márùn-ún. Kò sí ẹlòmíì tó ní márùn-ún lábẹ́ òpó yìí nínú gbogbo ìwé náà." Ó gbójú sókè. "Ọwọ́ ta ló kọ ọ́?"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Mo ní ọwọ́ mi ni. Mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti orí fọ́ọ̀mù dé orí Kólá, dé orí ìwé tí mo kọ. Tóní, tí ẹnu rẹ̀ kì í dúró, wo ilẹ̀. Bísọ́lá kò pariwo. Ó bi mí bóyá ọkùnrin náà ṣì wà láàyè. Mo ní ó wà ní Marine Beach, pé ó ń tún àwọ̀n apẹja ṣe. Ó ní àwa méjèèjì á lọ kí i.

A lọ láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Sálíù jókòó lórí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ di àwọ̀n mú, ó ń fi ọwọ́ òsì ran án. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ìdáyàt, tó ti tó ẹni ogójì ọdún, ń sá ẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ṣì jìnnà nígbà tí Sálíù pè mí.

"Ọ̀gá, ẹ rọra. Orúnkún òsì ń dùn yín, ẹ sì fẹ́ tẹ pákó tó ti jẹrà yẹn."

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Pákó náà ti jẹrà lóòótọ́, Bísọ́lá sì gbá mi lápá mú. Mo jókòó. N kò lè máa yí ọ̀rọ̀ po, mo gbé ìwé náà lé ẹsẹ̀ mi, mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo ní èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Mo ń retí èébú. Mo tilẹ̀ ń retí ìgbájú, torí ọwọ́ òsì yẹn ṣì lágbára.

Sálíù kàn ń wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí mò ń sọ.

"Ọ̀gá, èmi gbà á gbọ́ o pé ọgbọ́n mi kò tó," ló wí. "Wọ́n ní wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Mo ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ ò lè ṣàdédé kọ ọ́."

Ó ní láti ọjọ́ náà, òun kò dá ìpinnu kankan ṣe mọ́. Tí òun bá rí nǹkan tó ń bọ̀, òun á sọ fún ara òun pé Alágbára-má-mèrò, kí lo mọ̀. Ìdáyàt jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí ibà kan mú un. Sálíù wo ọrùn ọmọ náà bó ṣe le, ó sì mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ilé ìwòsàn ló kàn, lójú ẹsẹ̀. Ó ní ṣùgbọ́n òun ta ni? Ó dúró de ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ní Kirikiri pé kó wá bá òun rò ó. Ọjọ́ méjì ni ẹ̀gbọ́n fi dé. Ọmọ náà yè é, àmọ́ etí rẹ̀ méjèèjì kò gbọ́ nǹkan mọ́ títí di òní.

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti rí àwọ̀n tó já, mo ti rí apá tí wọ́n gé. N kò rí ohun tó dẹ́rù bà mí tó ọ̀rọ̀ yẹn rí. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo kọ kí iṣẹ́ lè yá, ọkùnrin yìí sì lọ gbé inú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Omi ń bọ́ lójú mi, mo kàn ń pe orúkọ rẹ̀. Bísọ́lá ń sunkún ju èmi lọ.

Sálíù kò sunkún. Ó na ọwọ́ kan tó kù fún un, ó fi ìka kan àwọn ìlà tí mo tọ́ka sí lábẹ́ Ojú Inú, ó ń wò wọ́n.

"Ṣé èyí ni?"

Mo ní òun ni.

Ó fọwọ́ kan Ìdáyàt léjìká kó lè yíjú sí wa. Ó ní kí n kà á, kí n má fi ẹnu nìkan kà á, kí n fi ìka mi kà á níwájú ọmọ òun, kó lè rí i. Ó tọ́ka sí ojú ara rẹ̀, ó tọ́ka sí ìwé náà, kí ọmọ náà lè mọ ohun tí à ń kà. Mo gbé ọwọ́ sókè. Mo na ìka kan, mo na èkejì, mo na ẹ̀kẹta. Sálíù gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ó ń na ìka tirẹ̀ tẹ̀ lé mi, títí ó fi pé márùn-ún. Ìdáyàt wo ọwọ́ mi, ó wo ọwọ́ bàbá rẹ̀, ó sì fi ẹja tó ń sá sílẹ̀, ó wá jókòó tì í.